Hẹlikọ́pítà tó ń fín oògùn já sínú oko àgbàdo: kí ló dé tí kò fi lè rọra balẹ̀?

AlágbàdoIllinois
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú pọ̀ níbí.

Oko àgbàdo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Illinois. Nínú oṣù Keje, nígbà tí àgbàdo bá ti ń yọ òdòdó lórí, wọ́n máa ń fín oògùn àrùn ewé sí i, pàápàá nítorí àrùn kan tó máa ń yọ àmì dúdú kéékèèké sójú ewé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Illinois àti Indiana ní 2015. Àgbàdo ti ga ju èèyàn lọ nígbà yẹn, torí náà bàlúù tàbí hẹlikọ́pítà ló sábà máa ń fín in. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ń fín oko aládùúgbò wa já bọ́ lójú mi. Ó fín dé ìpẹ̀kun oko, ó fà sókè, ó ń yí padà bọ̀, ni ìró rẹ̀ bá yàtọ̀. Ó húkọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì, imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ó sì jókòó gbì sínú àgbàdo. Èmi ò tíì ké "Yéè!" tán tó ti balẹ̀. Kò gbiná. Awakọ̀ náà wà láàyè, àmọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí. Wọ́n ní hẹlikọ́pítà lè balẹ̀ síbikíbi. Ilẹ̀ ibí tẹ́jú lọ salalu, kò sí igi, kò sí òkè. Hẹlikọ́pítà ọ̀hún gan-an ò sì ga ju òrùlé ilé lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló dé?

BabaTáyọ̀
Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run á fún un ní ìwòsàn. Àmọ́ kí n má purọ́, àṣejù àwọn awakọ̀ yìí pọ̀. Mo gbé California rí, mo máa ń rí wọn lórí oko. Wọ́n á gba abẹ́ wáyà iná kọjá, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń jó lójú agbo. Ẹni tó bá ń fò báyẹn, ṣé ẹ́ńjìnnì la fẹ́ dá lẹ́bi ni?

ÌyáÌbejìLeeds
Háà, ẹ ṣàánú. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù la tún ń dá lẹ́jọ́ yìí?

Awakọ̀Òkun
Bàbá Táyọ̀, ẹ má bínú, n ò ní gbà fún yín. Iṣẹ́ hẹlikọ́pítà ni mo fi jẹun, láti Port Harcourt lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun. Ẹni tó béèrè ti dá ara rẹ̀ lóhùn láìmọ̀: ọkọ̀ náà ò ga. Àìga yẹn gan-an ni wàhálà.

Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, hẹlikọ́pítà kì í já bọ́ bí òkúta. Ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ òsì awakọ̀, òun ló ń pinnu bí abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ ṣe máa dojú kọ atẹ́gùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kíá lo gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀pá yẹn wálẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké, ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lo ní, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn á máa gba abẹ́ wọlé, á sì máa yí abẹ̀bẹ̀ náà fúnra rẹ̀, bí táyà kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wà á. Tó bá kù díẹ̀ kí o kanlẹ̀, wàá gbé imú ọkọ̀ sókè kí eré rọlẹ̀, wàá wá fa ọ̀pá yẹn sókè, agbára tó wà nínú yíyí abẹ̀bẹ̀ á sì gbé ọ balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni agbára yẹn wúlò. Tó o bá tètè ná an, o ti ná an nìyẹn.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, o gbọ́dọ̀ ní gíga tàbí kí o ní eré. Nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fún wa, àwòrán kan wà tó fi hàn ibi tí méjèèjì ò ti tó. Orúkọ òkú làwọn awakọ̀ sọ mọ́ ọn, kì í ṣe àwàdà. Àwa tó ń gbé èrò, tí a bá ti gbéra, ṣe la máa ń sá jáde kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń fín oògùn, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lókè àgbàdo ló ń fò. Tó bá ń sáré, ó ṣì lè fi eré yẹn ra ìwọ̀nba gíga díẹ̀. Àmọ́ ní ìpẹ̀kun oko, nígbà tó bá fà sókè láti yí padà, eré ti lọ, gíga ò sì tíì dé. Níbi tí AlágbàdoIllinois ní ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Awakọ̀Òkun
Mo gbàgbé ọ̀kan. Ẹ ní ó húkọ́, ẹ ò ní ó dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń húkọ́ léwu ju èyí tó kú pátápátá lọ. Bó bá kú, ọwọ́ awakọ̀ ti mọ ohun tó kàn. Bó bá ń húkọ́, ọkàn á máa tàn án pé ó lè dé etí títì. Ọkọ̀ ń rì, ó ń rí àgbàdo tó ń bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ òsì á fẹ́ fa ọ̀pá sókè. Bó ṣe ń fà á ni abẹ̀bẹ̀ á máa wúwo sí i, yíyí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń húkọ́ ò sì lágbára láti gbé e padà. Nínú Robinson R44, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí gan-an, tí yíyí abẹ̀bẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé 97 nínú 100, fèrè á ké, iná á sì tàn. Tí èèyàn bá wà lókè dáadáa, fèrè yẹn á gbà á. Tó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ilẹ̀ lè ṣáájú ọwọ́ rẹ̀.

BabaTáyọ̀
Mo gbọ́ ti gíga. Ìbéèrè mìíràn: kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lọ sírú ibi bẹ́ẹ̀? Ṣebí ẹlẹ́ńjìnnì méjì lẹ fi ń gbé àwọn òyìnbó elépo.

Awakọ̀Òkun
Owó ni, Bàbá. Àwọn elépo lè san owó ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Àgbẹ̀ tó ń ṣírò oògùn lórí éékà kan-kan ò ní san án. Ẹlẹ́ńjìnnì méjì tún wúwo, oògùn tó lè gbé á kéré sí bó ṣe tóbi tó.

MẹkáníìkìTexas
Ẹ kú ìjókòó o. Inú ẹ́ńjìnnì ni tèmi, mo ti tú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming palẹ̀.

Kí ẹ tó máa wá àṣejù, ẹ kọ́kọ́ wo ìyà tí iṣẹ́ yìí fi ń jẹ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ akẹ́rò á gbéra, á fò fún wákàtí kan, á balẹ̀. Ọkọ̀ oògùn ò rí bẹ́ẹ̀. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ń gbéra. Wọ́n kan pákó tàbí irin pẹrẹsẹ sórí ọkọ̀ náà, tánkì omi àti tánkì oògùn wà nísàlẹ̀, hẹlikọ́pítà á bà lé e, ẹni tó wà níbẹ̀ á ki páìpù bọ̀ ọ́, kò ní í pa ẹ́ńjìnnì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún ti lọ. Tó bá gbé gálọ́ọ̀nù 80, nǹkan bí lítà 300 nìyẹn, ẹrù kílò 300 lórí ọkọ̀ tí àpapọ̀ òun àti ẹrù rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí kílò 1,130 lọ. Agbára ńlá, ooru ńlá, eruku, látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun tó lè mú un húkọ́ pọ̀. Omi lè wà nínú epo, pàápàá tí tánkì epo orí ọkọ̀ akẹ́rù bá sùn síta mọ́jú, tí ìrì sẹ̀ sínú rẹ̀. Yìnyín lè dì nínú kabúrétọ̀, ẹ má sì rò pé ìgbà òtútù nìkan ni. Lọ́jọ́ tó móoru díẹ̀ tí ọ̀rinrin pọ̀, epo tó ń gbẹ di afẹ́fẹ́ máa ń mú kabúrétọ̀ tutù gan-an, yìnyín á dì sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. (R44 tó ń fún epo tààrà sẹ́nu sílíńdà kò ní kabúrétọ̀, ìṣòro yẹn ò kàn án.) Máńẹ́tò, ohun tó ń ṣáná fún púlọ́ọ̀gì, lè bàjẹ́. Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde lè lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí fáàfù yẹn díẹ̀, torí ó máa ń kìlọ̀. Ní òwúrọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ bá ṣáná sí i, á máa gbọ̀n jìgìjìgì, á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà sùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, tí ara rẹ̀ bá yá, á já geere. Awakọ̀ tó ń kánjú á ní "ó ti dáa", á gbéra. Kò tíì dáa o. Ẹ̀gbin tí epo ẹ́ńjìnnì sun sílẹ̀ ló ń di fáàfù mú, lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ bá gbóná jù, ó lè há pátápátá. Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbin dúdú tó wà lára rẹ̀ ò nípọn ju èékánná lọ.

Ẹ má wá sọ pé mo ní fáàfù ló ṣe ti Illinois. N ò rí i. Àwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló máa sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

AlágbàdoIllinois
Mo dúpẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n MẹkáníìkìTexas, wọ́n ti wá gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ. Wọ́n tún fa epo tó kù sínú ìgò, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Wọ́n gba fóònù awakọ̀ náà pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń bá a po oògùn ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ń mi ẹsẹ̀.

ÌyáÌbejìLeeds
Ògo fún Ọlọ́run!

Nọ́ọ̀sìAdékẹ́mi
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí lẹ ṣe? Mo ń béèrè torí irú ìjàǹbá yìí ń kó wa láyà jẹ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ìdí ni pé ìṣòro méjì ló ń dé lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ṣèṣe, àti ohun tó dà sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó súnmọ́ ọn. Iwájú ni kẹ́ ẹ gbà, níbi tí ojú awakọ̀ wà. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí ọkọ̀ kì í hàn sójú tó bá ń yí. Tí iná ò bá jó, tí epo ò sì máa ṣàn, ẹ má wọ́ ọ jáde pẹ̀lú agbára, eegun ẹ̀yìn tó ṣẹ́ lè gé iṣan. Tí oògùn bá ti dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí i lára, ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni orúkọ ohun tó wà nínú tánkì. Oògùn ewé àgbàdo àti oògùn kòkòrò ò rí bákan náà nínú ara. Àwọn kan wà nínú oògùn kòkòrò tó ń mú kí dúdú ojú sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, itọ́ á máa dà, òógùn á bò ó, èémí á ṣòro. Abẹ́rẹ́ atropine la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú èyí. Tẹ́nikẹ́ni ò bá sọ fún wa, a lè rò pé orí tó fi gbá nǹkan ló fà á. Ẹ ya fọ́tò ìwé ara agolo oògùn náà, ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e.

OníKebbi
Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, Nọ́ọ̀sì. Mo bá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Kebbi. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní jan baki, ọ̀wọ́ wọn lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, wọ́n á jẹ oko ọkà bàbà àti ìrẹsì run. Bàlúù ni ìjọba fi ń fín oògùn lé wọn. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò fún ẹyẹ yìí ní Áfíríkà ni fenthion, ó wà lára irú èyí tẹ́ ẹ ń sọ yẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ń fín in? Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹyẹ bá ń padà síbi tí wọ́n ń sùn. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojúmọ́ ti ń lọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ẹyẹ wà lójú ọ̀run pẹ̀lú rẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá húkọ́ níbẹ̀... Mo ń kí àwọn tó ń ṣe é.

ỌmọKétu
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Láti Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Ìran hẹlikọ́pítà tó ń da oògùn ò ṣàjèjì sí àwọn àgbà ilẹ̀ wa, àmọ́ kì í ṣe orí oko ni, ojú odò ni. Àwọn eṣinṣin dúdú etí odò tó máa ń fọ́ èèyàn lójú ni wọ́n ń bá jà. Ọdún 1974 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 7, Benin àti Togo sì wà lára wọn, ó parí ní 2002. Temephos ni wọ́n ń dà sínú omi tó ń ṣàn, kó lè pa ìdin eṣinṣin náà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni, torí kí ìdin mìíràn má baà rí ààyè dàgbà. Odò tó ń ṣàn kíkan láàárín òkúta ni eṣinṣin yẹn fẹ́ràn, hẹlikọ́pítà gbọ́dọ̀ wọ àárín igi méjèèjì etí odò. Illinois tó tẹ́jú yẹn, wọ́n ì bá fẹ́ ẹ.

ỌmọAtlanta
Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Delta tó ń gbé wa láti Atlanta lọ Èkó, iṣẹ́ fífín oògùn ló ti ṣẹ̀? Huff Daland Dusters lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, oògùn kòkòrò ara òwú ni wọ́n ń fín níhà Gúúsù Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó dé, ológun kan tó ń jẹ́ John Macready ló fi bàlúù Curtiss da ìyẹ̀fun oògùn sórí igi catalpa ní Troy, Ohio, ní 3 Oṣù Kẹjọ 1921. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́.

BabaTáyọ̀
Delta kẹ̀? Ìgbà tí wọ́n bá tún sọ pé ẹrù mi wúwo jù, màá rán wọn létí.

DróònùBọ̀ọ̀dá
Ẹ̀yin ará, 2013 la ti kúrò o. Dróònù wà! Kò sẹ́ni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ máa ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn hẹlikọ́pítà lọ sinmi.

MẹkáníìkìTexas
Bọ̀ọ̀dá, rọra. DJI Agras T40 tó lókìkí yẹn, lítà 40 ló ń gbé, bátìrì rẹ̀ ò sì pẹ́ rárá kó tó ní kí wọ́n pààrọ̀ òun. Fi wé lítà 300. Fún oko éékà 20 tàbí igun oko tí wáyà iná yí ká, dróònù ló yẹ, mo gbà. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀ lọ́la, tí éékà ẹgbẹ̀rún mélòó kan ń dúró, ọ̀gá oko á pe hẹlikọ́pítà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń fi dróònù fín oògùn pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Part 137, ìwé kan náà tí àwọn tó ń fi bàlúù àti hẹlikọ́pítà fín oògùn ń gbà. Ní Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, wà níbẹ̀, ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn lórí ààbò náà sì fẹ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ dárúkọ 2013, ó rán mi létí nǹkan. AlágbàdoIllinois sọ pé kò gbiná. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Tánkì epo àwọn R44 àtijọ́, irin lásán ni. Tó bá fara gbá ilẹ̀, á ya, iná á sì pa ẹni tí ìṣubú ò pa. Robinson ní kí wọ́n fi àpò rọ́bà tí kì í tètè ya sínú rẹ̀. Àwọn onílé iṣẹ́ kan ń fi falẹ̀ nítorí owó. Ní oṣù Kẹta 2013, ọ̀kan já ní Bulli Tops ní Australia, ó gbiná, èèyàn mẹ́rin kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ibẹ̀ sọ pé R44 tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ tánkì rẹ̀ ò gbọdọ̀ fò mọ́. Ẹ wá sọ fún mi bóyá àṣejù awakọ̀ ló fa ìyẹn náà.

BabaTáyọ̀
Ẹ ti gbá mi mú, ẹ ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ó dáa, ta ló ń yẹ ọkọ̀ wọ̀nyí wò lórí oko? Ní pápákọ̀ òfuurufú, èèyàn pọ̀. Nínú àgbàdo, awakọ̀ kan, ọmọ kan tó ń po oògùn. Ta ló máa sọ pé "ọ̀gá, ìró yìí ò dáa, ẹ má gbéra"?

Awakọ̀Òkun
Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ ti béèrè látàárọ̀ nìyẹn, Bàbá. Níbi iṣẹ́ wa, ẹnjiníà lè kọ̀ kí n gbéra, owó oṣù rẹ̀ ò ní dín. Lórí oko, éékà tí wọ́n bá fín ni owó. Ẹni tó ń po oògùn, ọmọ ọdún 19 lè ni, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti dá awakọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ òun ló súnmọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn jù nígbà tó bá bà lé orí ọkọ̀ akẹ́rù. Òun ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ò bínú sí ẹni tó bá dá a dúró lásán. Ó máa ń ra mínírà fún un ni.

AlágbàdoIllinois
Ẹ wò ó, ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n pè wá fún oko tiwa, wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti ọkọ̀ akẹ́rù. N kì í ṣe mẹkáníìkì. Kí ni mo lè wò?

Awakọ̀Òkun
Kí ìwọ àti awakọ̀ kọ́kọ́ rìn yí oko náà ká kí ó tó gbéra. Kó fi ibi tó máa balẹ̀ sí hàn ọ́ tí nǹkan bá yí, kó sì fi wáyà gbogbo hàn ọ́. Wáyà ń pa àwọn aláfínfín gan-an. Àmì ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín yín tó túmọ̀ sí "pa ẹ́ńjìnnì". Tó bá kọ̀ láti bá ọ yan àmì yẹn, sọ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n pe ẹlòmíràn.

MẹkáníìkìTexas
Kún un pé kó o dúró tì í nígbà tó bá ń fa epo wò ní òwúrọ̀. Inú ìgò tó mọ́ kedere ni kó fà á sí. Avgas 100LL, epo tí irú ẹ́ńjìnnì yìí ń mu, àwọ̀ búlúù ló ní. Tí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgò lá máa wà, wàá rí ìlà tó pín wọn. Àmọ́ o, tó o bá rí i pé gbogbo rẹ̀ mọ́ lójú láìsí ìlà kankan, láìsí búlúù, má sọ pé "ó mọ́". Ó lè jẹ́ pé omi ló kún ìgò náà látòkè délẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi, awakọ̀ ọ̀hún sì ti ń na ọwọ́ sí bẹ́líìtì.

AlágbàdoIllinois
Màá mú ìgò tèmi lọ́wọ́.